Bí Mo Ṣe Di Ojú Fún Ọkọ Mi Nínú Aṣálẹ̀

Ojú mi ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Òkè Ọya. Nílé wa ní Erunmu, ojú kì í rìn jìnnà. Bí o bá gbé e sókè, igi obì á dá a dúró, tàbí ọ̀pẹ, tàbí ògiri ilé àbúrò bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n ní Yérúwà, nílẹ̀ Bọ̀rnú, ojú mi lọ, ó lọ, ó lọ, kò rí ohun tí yóò fara tì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n fún wa, mo fi ìborùn bojú, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n jí gbé.

Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jí mi gbé. Ọkọ mi ni mo tẹ̀ lé. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ni mo máa ń pè é, nítorí Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Ó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Ìbàdàn nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí àwọn àgbà abúlé ṣì ń sá wọgbó bí wọ́n bá gbọ́ ìró rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Jámánì ni òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba wá dírẹ́bà kiri. Ó fẹ́ ẹni tí kì í mutí. Ọkọ mi kì í mutí. Ohun tó sọ wá di ará ọ̀nà jíjìn nìyẹn.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n gbé ọmọ lọ. Àbẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni nígbà náà, ó ń di ìṣẹ́tí aṣọ mi mú kó má baà ṣubú.

"Ilẹ̀ tí o kò mọ omi rẹ̀, a kì í gbé ọmọ ọwọ́ débẹ̀," ni ìyá mi wí. "Lọ bá ọkọ rẹ jókòó títí ara yóò fi tù yín. Nígbà náà ni kí o wá mú un."

"Ìgbà wo ni ara yóò tù wá, Ìyá?"

"Ara fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún ọ."

Ara ò sọ nǹkan kan fún mi.

Ní Yérúwà, ọkọ mi àti òyìnbó rẹ̀ a máa lọ sígbó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Èmi a wà nínú ọgbà pẹ̀lú ìyàwó àwọn tó ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́. Èèyàn rere ni wọ́n. Wọ́n fún mi ní wàrà, wọ́n fún mi ní ọkà bàbà, wọ́n fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí ní òwúrọ̀, tí mo rí ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹnu mi á ti sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Onítọ̀hún á wò mí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo kí ẹni tó jókòó, mo kí ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà, mo kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìkíni tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ẹrù ni lẹ́nu ẹni. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní aláròyé nílé bàbá mi, mo lè wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí n má sọ ju "to" àti "a'a" lọ, ìyẹn "ó dáa" àti "rárá" ní èdè Haúsá.

Omi náà tún kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo jí ní ọjọ́ kan, mo bu omi sí ẹsẹ̀, mo ń fọ̀ ọ́ bí a ti ń fọ ẹsẹ̀ létí odò nílé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Falmata, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ké bí ẹni tó rí ejò. Ó sáré gba igbá lọ́wọ́ mi, ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi, ó tọ́ka sí ọ̀fun rẹ̀. Ó yé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi omi inú ife wẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Falmata yìí náà ni mo kọ́kọ́ pa lẹ́rìn-ín ní èdè Haúsá. N ò rántí ohun tí mo sọ mọ́, bóyá mo ní ìbaaka rẹ̀ jọ ọkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó kọ́lé. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan ní èdè mi, ọkọ mi kò sì sí nílé.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ohùn ilé fi ń dé ọ̀dọ̀ mi ni Alfa Sùlè. Ará Ìlọrin ni, ó ń ta aṣọ òkè àti obì. Ní ọdọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́, á kọ́kọ́ lọ ra ọjà ní Ìbàdàn, á sì dé Yérúwà kí ọyẹ́ tó tán. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó máa yà sí Erunmu. Kì í kọ iṣẹ́ tí a bá rán an sílẹ̀. Orí rẹ̀ ló ń kó o sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í dà á nù.

Lọ́dún kan, ó dé, ó tú bàtà, ó mu omi, ó kí mi títí, ó wá ní, "Ìyá rẹ ní kí n kí ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an."

Ó di ojú. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun, ohùn rẹ̀ wá tinrín bíi ti ìyá mi. "'Sọ fún un pé a dúpẹ́. Sọ fún un pé ọmọ ti ní eyín tó ń fọ́ egungun ẹja. Sọ fún un pé èmi ló ń pè ní Ìyá, kó má bínú, ọmọdé kì í mọ ẹni tí kò rí. Sọ fún un pé kó máa bọ̀, ilé ti gbàgbé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.'"

"Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí?"

"Wọ́n tún sunkún díẹ̀," ni Alfa Sùlè wí. "Ìyẹn ni n kò lè bá wọn ṣe."

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ lọ wo ọmọ mi."

Kò jiyàn. Ó ní ìrìn àjò kan ló kù. Òyìnbó fẹ́ kọjá adágún ńlá, kó dorí kọ aṣálẹ̀, kó lọ wo àwọn kànga tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé, a ó jọ lọ sílé. Ó tún sọ fún mi pé alásè òyìnbó ti kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun wọ ibi tí igún kì í gbé.

"Èmi á sè fún un," ni mo wí. "Bí ẹ bá tún fi mí sílẹ̀ sínú ọgbà yìí, wèrè ni ẹ máa wá bá."

Báyìí ni mo ṣe wọ lọ́rì náà. Ó ti ru ìbọn nígbà ogun Jámánì. Nínú àwọn mọ́tò ìyókù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ti iwájú kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ṣùgbọ́n èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Bí iyanrìn bá mú ọ̀kan, àwọn yòókù á wọ́ ọ jáde. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń fẹ́ràn ajá. Àwa mẹ́rin la lọ: òyìnbó, ọkọ mi, èmi, àti Bukar, àgbàlagbà ará ilẹ̀ Bọ̀rnú tó mọ ọ̀nà. Bukar kì í jókòó sínú ọkọ̀. Orí irin tó bo táyà iwájú ló máa ń gùn, á na ọwọ́ síbi tó yẹ kí a gbà.

A kọjá adágún, a wọ ilẹ̀ tó jẹ́ ti Faransé lẹ́nu lásán, tí kò jẹ́ ti ẹnì kankan lójú. Igi kéré, ó tún kéré sí i, títí kò fi sí mọ́. Iyanrìn ga bí òkè, afẹ́fẹ́ ń fá orí rẹ̀ bí ẹní ń fá irun. Tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi létí. N kò gbọ́ àkùkọ, n kò gbọ́ odó, n kò gbọ́ ọmọ tó ń sunkún. Mo máa ń yà sẹ́yìn ọkọ̀ láti sè, kí n sì máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Yorùbá, kí ojú má baà tì mí níwájú àwọn ọkùnrin.

Ìjì iyanrìn kan jà tó fi ọjọ́ mélòó kan bá wa jà. Ọkọ mi kò lè fi aṣọ bo ojú nítorí pé ó ń wa ọkọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìjì náà dáwọ́, ó pè mí.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ilẹ̀ ti mọ́?"

Oòrùn ti wà lókè. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ìpin ti lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì wú bí àkàrà. Mo fi omi díẹ̀ tó kù nínú ife mi rẹ aṣọ, mo nù ún. Ojú là díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun bí abẹ́rẹ́, òun kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Òyìnbó ní kó má ṣe ìyọnu, òun á wà á. Ó lọ síwájú ọkọ̀ láti yí irin tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ́n wà nínú yíyí irin náà. Ọkọ̀ ta á padà, irin náà gbá a lọ́wọ́, mo sì gbọ́ ìró egungun bí ìgbà tí wọ́n dá igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Ó ṣubú. Bukar fi igi àti aṣọ di ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí, ibà ti gbé e, ó ń sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

Mo wo Bukar. Ó ti ń wo àgbá omi.

"Kànga tí a fi sílẹ̀ jìnnà," ni ó wí ní èdè Haúsá. "Àgọ́ ọmọ ogun Faransé wà níwájú, wọ́n ní kànga, wọ́n ní oògùn. Ọkọ̀ á débẹ̀ kí omi tó tán. Ẹsẹ̀ kò ní débẹ̀."

Mo tú u fún ọkọ mi, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá òyìnbó rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò gbọ́ Haúsá tó bẹ́ẹ̀. Ó wá dìde, ó fi ọwọ́ tọ́ ara lọ́rì náà títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó gùn ún, ó jókòó.

"Ọwọ́ mi mọ ọkọ̀," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ mi mọ ọ́n. Ojú nìkan ló kù. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, wá jókòó ti mí."

Òyìnbó gbé orí sókè, ó ní wèrè ni gbogbo wa. Lẹ́yìn náà, òun náà wo àgbá omi, ó sì tún dùbúlẹ̀.

Bukar ló yí irin, ọkọ mi ń sọ bó ṣe máa ṣe é fún un, èmi ń tú u sí Haúsá. Ẹ́ńjìnnì dún. Bukar gun orí táyà, ó na ọwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Iyanrìn wà níwájú wa," ni mo wí.

"Ibo ni kò sí?" Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Má sọ fún mi pé iyanrìn wà. Sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi. Sọ bó ṣe rí."

N kò ní ọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ yẹn. Èdè tí ìyá mi kọ́ mi mọ igbó, ó mọ odò, ó mọ ẹrẹ̀. Mo wá ilẹ̀ náà lẹ́nu, n kò rí i, àfi ìgbà tí mo mú un lọ sílé.

"Ó rí bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù."

"Ó rọ̀ nìyẹn. Kò dára. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Lápá ọ̀tún, ó le, ó ní ìlà wẹ́wẹ́ bí ahọ́n màlúù."

"Ibẹ̀ la máa gbà." Ó yí ọkọ̀ sí ọ̀tún, jẹ́jẹ́, ọkọ̀ sì gun ibi tó le.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. Bukar á na ọwọ́, èmi á wo ọwọ́ rẹ̀, èmi á wo ilẹ̀, màá sì sọ. "Òkìtì kan ń bọ̀, ó tó ààtàn ẹ̀yìn ilé yín." "Ó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí ọ̀nà odò wa, ibi tí Ìyá Àgbà ti yọ̀ ṣubú." "Ó tẹ́jú, ó tẹ́jú bí àgbàlá ọjọ́ ìgbéyàwó wa." Ọkọ mi ń mi orí. Ó mọ gbogbo ibẹ̀. Ó ń wa lọ́rì gba inú Erunmu kọjá, aṣálẹ̀ kàn wà lábẹ́ táyà ni.

Nígbà tí iyanrìn mú wa, a sọ̀ kalẹ̀, a fi ọwọ́ wà á, a tẹ́ ẹní sábẹ́ táyà, ọkọ mi náà ń wa iyanrìn láìríran. Ọkọ̀ á gbọ̀n, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fà, á jáde. A tún gùn ún.

Ibi tó fẹ́ pa wá ni orí òkè iyanrìn kan. A gùn ún láìmọ̀ pé òdì kejì rẹ̀ gé bí ògiri. Mo rí ọ̀run níwájú mi, n kò rí ilẹ̀. Ẹnu mi sì kú. Bukar ń fi ọwọ́ gbá irin gbàgbàgbà. Iwájú ọkọ̀ ti ń tẹ̀ sísàlẹ̀.

"Sọ̀rọ̀!" ọkọ mi pariwo. N kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ohunkóhun! Sọ̀rọ̀!"

"Ìsàlẹ̀ ni! Ó gùn, ẹ má yà sí òsì, ẹ má yà sí ọ̀tún, ẹ dì í mú tààrà, tààrà, tààrà, Bàbá Àbẹ̀kẹ́, tààrà!"

Bí ó bá yí i síbì kan, yíyí ni ì bá yí wa dànù. Kò yí i. Iyanrìn ń ṣàn pẹ̀lú wa bí omi, lọ́rì náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń fi ìdí yọ̀, òyìnbó ń ké lẹ́yìn, èmi ń tún un sọ pé "tààrà" títí ọ̀rọ̀ náà fi di ariwo lásán. A gúnlẹ̀. Ọkọ̀ dúró. Ọkọ mi gbé orí lé ọwọ́.

"Kí ló wà níwájú báyìí?" ni ó bi mí.

"Ilẹ̀ títẹ́jú."

"Ó dáa." Ó sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ irin tó ń mú ọkọ̀ sáré.

Omi inú àgbá ti kù gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ nígbà tí mo rí nǹkan dúdú tó ń mira. Mo wò ó títí ó fi yé mi.

"Kí lo rí?"

Mo fi ìborùn nu ojú, mo tún un wò.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́! Kí lo rí?"

"Ewúrẹ́," ni mo wí. "Ewúrẹ́ ni. Obìnrin kan wà lẹ́yìn wọn, ó ru ìkòkò."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, omi ojú ń gba inú ìpin jáde.

Ní àgọ́ tí Bukar wí, àwọn Faransé to egungun òyìnbó, wọ́n sì da oògùn sójú ọkọ mi. Òyìnbó yè. Kó tó padà sí òkè òkun, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó kù, ó sọ ohun kan tó pẹ́. Mo bi ọkọ mi pé kí ló wí.

"Ó ní ẹnu rẹ dára."

Ṣùgbọ́n ojú òsì ọkọ mi kú pátápátá. Ti ọ̀tún kò rí ju òjìji lọ. Nígbà tí a padà sí Yérúwà, mo rò pé ilé ló kàn. Kò gbà. Ó ní òun kò ní wọ Erunmu pẹ̀lú ọ̀pá, kí àwọn tó ń sá wọgbó nígbà tí òun gbé mọ́tò kọjá wá máa ṣàánú òun. Ó ní kí n lọ. Mo wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ wá ife omi tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ? Mo dúró. Mo ń fọṣọ fún àwọn oníṣẹ́ ìjọba, mo ń mú un lọ́wọ́ kiri, mo sì ń sọ gbogbo ohun tí mo bá rí fún un. Èyí ló jẹ́ ìtùnú mi. Ọjọ́ tí a jáde aṣálẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún un, ibikíbi tí mo wà kò lè gbé mi mì.

Ọdún ń gorí ọdún. Alfa Sùlè ń wá. Lọ́dún tó kẹ́yìn, kò di ojú, kò yí ohùn padà.

"Ọmọ rẹ bi mí ní ìbéèrè," ni ó wí. "Ó bi mí bóyá òótọ́ ni ìyá òun wà, tàbí àlọ́ ni màmá àgbà ń pa fún òun."

Mo wọlé lọ bá ọkọ mi. N kò kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde," ni mo wí. "Ilé là ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú yín, kó ṣe é. Mo mú yín gba inú iyanrìn kọjá, n kò ní ṣì yín lọ́nà nínú Erunmu."

Ó fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀. "Ta ló máa sọ fún mi bí ojú wọn ṣe rí?"

"Èmi ni."

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a débẹ̀. Ìyá mi jáde síta, ó ti tẹ̀, ó sì di mí mú. Ọmọbìnrin gíga kan sì jáde tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò wa. Ẹ kú ewu òjò."

"Kí ló ń ṣe?" ọkọ mi bi mí kẹ́lẹ́.

"Ó kúnlẹ̀, ó kí wa. Ó ti wá sá sẹ́yìn ìyá mi báyìí."

Ó mi orí. "Wọ́n kọ́ ọ dáadáa."

Mo ti rò pé èmi ni Àbẹ̀kẹ́ yóò kọ́kọ́ sún mọ́. Bàbá rẹ̀ ni. Ọkùnrin tí kò ríran kò dẹ́rù ba ọmọdé. Ó jókòó sábẹ́ igi obì, ó ń bi í ní ìbéèrè: ẹyẹ wo ló ń ké yẹn, báwo ni ìrù rẹ̀ ṣe rí, ṣé kókó ti pọ́n lóko Bàbá Àgbà? Ọmọ náà kọ́kọ́ ń dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. Ó sún mọ́ ọn. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́, òun ló ń mú un lọ́wọ́ lọ sóko, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dúró. Ó ń sọ ewé, ó ń sọ aláǹgbá, ó ń sọ ẹni tó ń bọ̀ àti irú aṣọ tó wọ̀. Ìró wọn á máa lọ títí igbó á fi gbé e mì.

Èmi, Ìyá Òkè Ọya ni ó ń pè mí. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló ń pè é, ó ń bá mi gbé igbá, ó ń bu omi fún mi wẹ̀, ìyá mi ni ó ṣì ń pè ní Ìyá. N kò bínú. Ọmọdé kì í mọ ẹni tí kò rí.

Gbogbo ènìyàn ló ń kí mi báyìí, mo sì ń rí ẹni dá mi lóhùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, bí mo bá jókòó nìkan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo rí i tí òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Odò Ọ̀ṣun, tó dúdú bí ìkòkò aró, ẹnu mi á ti là. Màá ti ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, òjò ń bọ̀ o, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan orí ọ̀pẹ," kí n tó rántí pé wọ́n wà lóko, àti pé ẹlòmíràn ti sọ ọ́ fún un.